Ìjókòó Ẹ̀yìn

"Uncle, ẹsẹ̀ yín balẹ̀ dáadáa! Alùpùpù yìí mọ̀ pé ẹ ga," ni Israel, tó ń tà á ní Stone Mountain, l'Amẹ́ríkà, wí.

Ọkùnrin gíga náà ò tíì fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mú níbàdí bó ti ń ṣe láti ogún ọdún.

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé á gba ẹsẹ̀ gígùn?" ni ọkùnrin náà bi í.

Israel bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ Aunty wa ò mà gùn tó bẹ́ẹ̀!"

Kíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré," ó ní. "Dókítà ní tó bá máa fi di Kérésì, n ò ní ríran mọ́. Kíkẹ́, sún síwájú."

Ó sún síwájú. Ẹsẹ̀ Kíkẹ́ ò kanlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, alùpùpù náà sì dúró ṣinṣin.