Omi Kíkorò fún Ajá Bíríkìlà

Dókítà ajá kan ló ń rọ oògùn sínú ìgò. Ara ewé kan ni wọ́n ti fà á yọ, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wo jẹjẹrẹ ajá sàn. Àwọn ajá kan ń mu ún. Omi kíkorò lásán ni àwọn yòókù ń mu, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò.

Omi ló kan ajá ìyá dókítà. Bàbá dókítà ló fi ajá náà sílẹ̀ nígbà tó kú, òun sì ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Dókítà wo ẹ̀yìn, ó ṣí bébà nọ́ńbà kúrò lára ìgò méjì, ó sì fi ti ìyá rẹ̀ pààrọ̀ ti bíríkìlà kan tí oògùn kàn, tó jókòó síta pẹ̀lú ajá rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, dókítà," ni bíríkìlà wí nígbà tó gba tirẹ̀. Ó gbá ajá mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. "Èmi àti òun nìkan la kù nílé."

Dókítà ò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá gba ìgò tirẹ̀, òun àti bíríkìlà sì jọ jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ajá lọ.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu dókítà mọ́. Nígbà tí bíríkìlà padà wá, kókó jẹjẹrẹ tó wà lọ́rùn ajá rẹ̀ ti súnkì, ajá ń fò mọ́ gbogbo ènìyàn. Ajá ìyá dókítà ò lè dìde mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú.

"Ewé wa ṣiṣẹ́!" Inú ọ̀gá dókítà ń dùn ṣìnkìn bó ti ń ka ìwé nọ́ńbà. "A ó fún ọ̀pọ̀ ajá sí i ní oògùn náà."

 Dókítà nìkan ló mọ̀ pé omi lèyí tó yè mu. Àbí májèlé lewé náà? Ṣé ọwọ́ òun ló pa ajá bàbá òun? Ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ó bá a ní ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Mo fi ìgò yín pààrọ̀ ti bíríkìlà yẹn. Èmi ni mo pa ajá wa."

"Dìde," ni ìyá wí. "Mo rí ọ lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà."

"Ẹ rí mi?"

"Ká tó dé ẹnu géètì ni mo ti sọ fún bíríkìlà pé o ṣèèṣì gbé ìgò wa fún ara wa, a sì ti pààrọ̀ rẹ̀ padà."