Ó Ní Kí N Fọ Ọkọ̀ Láì Fa Rọ́bà

"Má fa rọ́bà omi jáde o! Mi ò fẹ́ kí omi ṣàn dé títì."

Ọkọ mi gbé garawa omi kan síwájú mi, pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ọkọ̀ láìṣan án.

Mò ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jẹ́jẹ́.

"Ṣé ìgbín ló bí ẹ ni?"

Ó fọ́ mi létí, òòyì kọ́ mi.

"Ẹ má bínú. Kó má baà ha ọ̀dà ni."

Ó yọ bẹ́líìtì, ó fi na ẹ̀yìn mi. Ilẹ̀kùn kan náà ni mo ṣì ń nù.

Àwọn ọlọ́pàá kan géètì, wọ́n sì wọlé.

"Ta ló pè wá?"

"Èmi ni. Àbúrò mi ló wá mú mi kúrò nílé yìí láàárọ̀. Ọkọ mi fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wo iwájú ọkọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."