Wàrà Màlúù Dúdú-Funfun Tó Tú Ilé Velji Ká

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tètè máa ń bínú, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ ka ìtàn yìí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ní abúlé wa, lápá Banaskantha ní Gujarat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, kò sílé tí kì í gbé wàrà lọ sí ilé ìgbawàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń wo ọ̀rá inú wàrà. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lowó ń pọ̀ tó.

Velji ní abo màlúù Kankrej kan, irú ti ilẹ̀ wa, aláwọ̀ eérú, oníwo ńlá, tí bàbá Jamku ìyàwó rẹ̀ fún wọn nígbà ìgbéyàwó. Wàrà rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ki. Nígbà tí Velji rí màlúù òyìnbó dúdú-funfun, tó rí bó ṣe ń fi wàrà kún garawa, ó wọ̀ ọ́ lójú. Jamku bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta màlúù bàbá òun. Ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ ra màlúù òyìnbó.

Màlúù tuntun bímọ nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú bí iná. Wàrà ń ya. Velji ń yan kiri, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ojú àwọn tó ń sin Kankrej ò tíì là. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Karsan tó ń wo ẹ̀rọ ní ilé ìgbawàrà rí i pé ọ̀rá inú wàrà Velji kéré, tó sì rẹ́rìn-ín.

"Velji, ṣé màlúù rẹ ló ń mu omi jù ni, àbí garawa rẹ?"

Gbogbo àwọn tó tò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Velji lára bí ẹ̀gún. Kò bi Karsan ní nǹkan kan. Ó gba ilé lọ, ó ní Jamku ló ń bu ọ̀rá orí wàrà ránṣẹ́ sílé bàbá rẹ̀, tó wá ń fi omi dí i.

"Bàbá Hetal," Jamku dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, "irú màlúù yìí, wàrà rẹ̀ kì í ki bíi ti Kankrej. Ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ìgbà tí wàrà bá pọ̀ báyìí, ọ̀rá rẹ̀ kì í pọ̀. Ooru yìí náà ò sì jẹ́ kó jẹun dáadáa. Ẹ ní sùúrù."

"Ṣé ooru ló ń bu omi sínú garawa?"

Ó fà á dé ilé ìgbawàrà, tòun tọmọ. Ó ní kó gbé ọwọ́ lé orí Hetal, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kó fi búra pé òun ò fọwọ́ kan wàrà. Àwọn àgbà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Jamku gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí, ó búra.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ibà líle kọ lu Hetal. Ọrùn rẹ̀ gan, ó ń bì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí Velji sáré lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìbúra ló ń jà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí wọ́n jáde.

"Jẹ́wọ́, Jamku. Tó o bá jẹ́wọ́, ara ọmọ á yá."

Jamku bẹ̀bẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ọmọ ò dáhùn orúkọ mọ́, ó wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Mo bu ọ̀rá. Mo da omi sí i. Ẹ gbé ọmọ mi lọ."

Irọ́ ni, irọ́ tó fi ra ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé Hetal dé ilé ìwòsàn, ó sì yè é. Ṣùgbọ́n Velji ò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà; ó padà lọ fún wàrà, ó sì ń sọ lọ́nà pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Látilé ìwòsàn, Jamku kó lọ sílé bàbá rẹ̀, tòun tọmọ.

Velji wá ń fún wàrà fúnra rẹ̀, ó ń gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ tún dín sí i. Ó rò pé màlúù ń ṣàìsàn, ó pe dókítà ẹran. Dókítà náà, obìnrin kan, yẹ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é: bí irú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ooru sì pọ̀, tí òtútù bá dé, wàrà á ki díẹ̀. Gbogbo ohun tí Jamku ti sọ. Velji jókòó sínú ìgbẹ́ màlúù.

Ó lọ bẹ Jamku. Hetal ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó kọ̀yìn sí i. Velji pè é. Ó tún pè é. Ọmọ náà ò wẹ̀yìn. Jamku jáde, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò gbọ́ mọ́, Bàbá Hetal. Àìsàn yẹn ti gba etí rẹ̀. Dókítà ní a pẹ́ ká tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí nígbà náà, ẹ ò gbọ́."

Ó bu omi fún un mu, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. Ó sì wọlé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀dí rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ béèrè, ẹ tún béèrè. Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ ná, kẹ́ ẹ tó wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.