Ọkọ̀ Ẹrù Tí Mo Fi Agolo Kàn

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi agolo mílíìkì àti páálí kan ọkọ̀ ẹrù kékeré kan. Gbogbo rẹ̀ ló bá ti gidi kan tó wà lára ọkọ̀ ojú irin wa mu, títí dórí nọ́ńbà ara rẹ̀. Inú ti gidi yẹn ni obìnrin kan fara pamọ́ sí lọ́jọ́ kan, tí ooru fi pa á. Àwọn ọ̀gá bi mí bóyá mo gbọ́ ọ nígbà tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni. A ti pẹ́ lọ́nà, mi ò sì fẹ́ dá ọkọ̀ dúró.

Lálẹ́ àná, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ilẹ̀kùn ti kékeré náà pa. Òjò ń kán sórí páànù. Nígbà tó dá, mo ṣì ń gbọ́ kó, kó, kó.

“Bàbá Mosún, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn,” ni ìyàwó mi wí. Ó lọ wo ìta, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó padà wá tẹ́tí sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí mo gbé ọkọ̀ kékeré náà lé. “Ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Ilẹ̀kùn tí mo lẹ̀ pa ń gbọ̀n.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan,” ni mo wí.

Ìgbà náà ló dákẹ́, bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ náà.