Ààwẹ̀ Ẹni Méjì

Kí Fádà tó kan ilẹ̀kùn, ìyàwó ilé ti nu ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ti fa aṣọ bò ó dé àgbọ̀n. Ó di ọdún mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn lọ́wọ́ Màmá.

"Ìyàwó wa, ẹ mà ti rù o," ni Fádà wí.

"Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, Fádà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣínu. Ọlọ́run ti wá sún mọ́ mi báyìí, ó kù díẹ̀ kí n máa gbọ́ mímí rẹ̀."

"Ẹ rọra o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

"Ti ẹlẹ́ran ara nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín.

Fádà fi búrẹ́dì mímọ́ lé Màmá láhọ́n. Màmá gbé e mì kíá, ó tún la ẹnu. Fádà fún un ní ẹyọ kan sí i. Màmá gbé ìyẹn náà mì, ó wá fi ètè di ìka Fádà mú, ó ń fà á mu bí ọmọ ọwọ́.

Omi lé ròrò sójú Fádà. "Ẹ wo bí ebi Olúwa ṣe ń pa Màmá! Ta ló kọ́ wọn nírú ìgbàgbọ́ yìí?"

"Èmi ni." Orí ìyàwó ilé wú. "Àwa méjèèjì la jọ ń gbààwẹ̀, kí Ọlọ́run lè dá ohùn wọn padà. Tiwọn tiẹ̀ le ju tèmi lọ. Láti Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, omi nìkan ni. Ó di Àjíǹde kí wọ́n tó ṣínu."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Màmá tún la ẹnu.