Etí Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́wàá

Ìjọba ti kéde lórí rédíò pé ẹnikẹ́ni tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ bá pa ẹran rẹ̀ yóò gba owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí òkú ẹran náà kí wọ́n tó sin ín. Ìyá Ànú kò dúró. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa dé ọgbà rẹ̀ lẹ́yìn Àpòmù ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wọlẹ̀, ó sì ti gbá orí kòtò náà mọ́ bí ẹni gbá ojúde.

Ọ̀gbẹ́ni Barnabas, ọ̀gá wọn tó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, wo ilẹ̀, ó wo obìnrin náà.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ òfin ni?"

"Mo gbọ́, sà. Òórùn ni ò jẹ́ n dúró."

"A ó hú u nìyẹn. Bí a ò bá ka òkú, kò sówó."

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó bá a wá sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.

Othniel, aládùúgbò tóun náà ń ṣọ̀sìn ẹlẹ́dẹ̀, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ti kọ orúkọ tirẹ̀ lánàá.

"Ìyá Ànú, ẹ jẹ́ kí wọ́n hú u jàre. Owó iléèwé nọ́ọ̀sì Ànú ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹnu ni n ó fi hú u."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ànú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ tó wú lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń rọlẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé ẹ máa hú u, ẹ má san án," ó ní. "Ibà yẹn á tún jáde sára ẹran ẹlòmíì. Mi ò lè jíhìn ẹ̀ níwájú Ọlọ́run."

Láti Ìkirè títí débẹ̀, Barnabas ti rí ẹni tó yá òkú ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé kejì kí iye tirẹ̀ lè pọ̀. Kò tíì rí ẹni tó ní kí wọ́n má san án.

"Baálé ńkọ́? Ẹ pè wọ́n kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti rìnrìn àjò láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn ń wáṣẹ́ lọ sí Òkè Ọya."

"Fóònù Gbádégẹṣin ọkọ wọn ò tiẹ̀ lọ," Othniel gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kò rí ìyà yìí rárá. Ẹlẹ́dẹ̀ tèmi jẹ̀rora fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú. Ti ìyá Ànú, ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn. Ọlọ́run ló ṣàánú wọn."

Ìyá Ànú yí padà. Ó wọlé, ó sì gbé korobá kan jáde. Etí ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, etí ọ̀tún nìkan, tó fi iyọ̀ pa mọ́.

Barnabas fi igi tú u wò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Mo kàn rò ó pé ẹ lè béèrè ni, sà."

"Kòtò yẹn jìn tó?"

"Ṣáláńgá ni mo fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀."

"Mo jẹ́rìí," Othniel ní. "Láti Sátidé ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Mo ní kí n bá wọn gbẹ́ ẹ, wọ́n kọ̀."

Barnabas kọ mẹ́wàá sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó ṣọ́bìrì padà, kí wọ́n sọ sìmẹ́ńtì kalẹ̀.

"Àwọn kan ń hú u tà fún ẹlẹ́ran. A ó da kọnkéré lé e lórí. Látòní lọ, ẹni tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Títí láé, màmá."

Ó dúpẹ́. Kò béèrè iye tí wọ́n máa san.

Wọ́n parí iṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá Ànú bu omi fún wọn mu, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, Othniel sì bá ọkọ̀ wọn lọ sí Ìkirè.

Nígbà tí kò gbúròó ọkọ̀ náà mọ́, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú Ìwé Àdúrà, ó dúró lẹ́bàá sìmẹ́ńtì tútù náà, ó sì ka ìsìn ìsìnkú fún ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.