Rélùwéè Kejì

Rélùwéè ìṣeré kejì tún kọ̀, kò rìn.

Àkọ́kọ́ ń wọ́ bógì ẹrù rẹ̀ kiri orí káńtà ní ọjà Mile 3. Èkejì kàn ń gbọ̀n lójú kan. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Yẹ́misí.

“Madam, carry the good one,” ni Ikenna tó ni ṣọ́ọ̀bù wí.

“Na two I want! The two must run!”

“How many pikin dey your house sef?”

“One.”

Ikenna bú sẹ́rìn-ín.

Níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé? Kẹ́hìndé ń retí tirẹ̀ nílé. A kì í ra nǹkan fún ọ̀kan nínú ìbejì, ká fi du èkejì.

Àbí kó gbé èyí tí kò rìn síwájú ère Táíwò, torí pé ọmọ tó ti kú kò lè sunkún?